Oúnjẹ Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Òkè

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Peckham, ní London níbí, ló mọ̀ pé èmi kì í gun àtẹ̀gùn bí lífìtì bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wá sọ níbi iṣẹ́ pé mo fẹ́ lọ gun òkè Kilimanjaro, òkè tó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀rín ni àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọsibítù fi dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ọlọ́pàá ló ń wá mi. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mi ò rí ìdí tí Yorùbá kan á fi lọ ra ìyà ọjọ́ méje nígbà tí ọ̀fẹ́ rẹ̀ pọ̀ káàkiri. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fẹ́ lọ. Èmi kàn ń tẹ̀lé e ni.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn èèyàn ti sọ ìtàn náà títí ó fi ń dùn lẹ́nu wọn. Kò dùn rárá. Ẹ̀gbọ́n mi kú lórí òkè yẹn, mo wà níbẹ̀, mo sì mọ ohun tó pa á.

Ọdún mẹ́tàlá ló fi jù mí lọ. Ẹ̀yìn ni ìyá wa ṣì ń pọ̀n mí sí nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló sì di bàbá. Òun ló rán mi nílé ìwé, òun ló mú mi wá sí London, yàrá rẹ̀ ní North Peckham Estate ni mo kọ́kọ́ sùn sí kí wọ́n tó wó ibẹ̀ palẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi wa bọ́ọ̀sì, kò sì sí ihò kan lójú ọ̀nà Old Kent Road tí kò mọ̀. Mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí láyé mi. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní Rye Lane, tí mo gbé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, tí mo gbé ẹja lọ́wọ́ òsì, màá kúnlẹ̀ kí i, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì yà fún wa.

Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù rẹ̀. Kò nà mí rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, tí ẹni ìta bá sì ń béèrè nǹkan nípa rẹ̀, ohun tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni màá sọ. Ó ju ogójì ọdún lọ tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò yìí, ọmọ náà fi yunifásítì sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún kan péré, ó ní iṣẹ́ oúnjẹ sísè lòun fẹ́ ṣe, ó sì ti rí ilé oúnjẹ kan tó gbà á. Mo wà nínú pálọ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní kó jáde nílé òun, pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́.

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nílé wa ló mọ ìtumọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé kó o lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ fún ọjọ́ méjì, kó o wá àgbà kan mú, kí ẹ jọ padà wá, kó o dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá á fajú ro fún wákàtí kan, á pa òwe méjì, lẹ́yìn náà á béèrè bóyá o ti jẹun. Èmi gan-an ti ń múra sílẹ̀ láti jẹ́ àgbà náà. Ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí ọmọ yìí sí. Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ náà ló ṣe gbọ́ ọ. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ, kò sì padà wá. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó ní bàbá òun ní kí òun máa lọ, òun sì ti lọ, kí ló tún kù. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí òun gan-an pe ọmọ náà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ya wèrè, ó béèrè bóyá àgbà ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ.

Ọdún mẹ́ta gbáko. Kò dárúkọ ọmọ náà mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ lọ sórí òkè àdúrà rí mọ bó ṣe máa ń rí: ọ̀rọ̀ tó bá ti sú ni nílẹ̀, orí òkè là ń gbé e lọ. A kì í jẹun níbẹ̀. Ààwẹ̀ la fi ń gùn ún, ààwẹ̀ la fi ń gbébẹ̀, ìgbà tá a bá sọ̀kalẹ̀ la tó ń fẹnu kan nǹkan. Ìyá wa máa ń mú wa lọ. Ní London, kò sí òkè. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Old Kent Road, ariwo omi ni wọ́n fi ń gbọ́ ìwàásù. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan níbẹ̀ fi fọ́tò ara rẹ̀ hàn wọ́n lórí Kilimanjaro. Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tètè dá a padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lọ forúkọ sílẹ̀.

Ó sọ fún gbogbo wa pé ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún òun lòun fẹ́ fi ṣe. Mo gbà á gbọ́. Dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáa. Gbogbo Sátidé ló ń fẹsẹ̀ rìn láti Peckham dé Lewisham, tó sì tún ń rìn padà. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ nítorí pé èmi ni mo ń wọn ìfúnpá àwọn aláìsàn láti ọdún méjìdínlógún. Mo ní bí nǹkan bá ń ṣe é, èmi ni màá kọ́kọ́ mọ̀.

Àwa méjì nìkan ni wọ́n mú gun òkè, pẹ̀lú amọ̀nà kan, ẹni tó ń se oúnjẹ, àti àwọn aláàárù bíi mẹ́jọ. Amọ̀nà yìí tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ọmọ ibẹ̀ ni, kò ga, kì í pariwo. Ó ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Baba, èmi ní Sister. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́ láti ẹnu géètì: ká máa rìn díẹ̀díẹ̀, ká máa mu omi, ká máa jẹun. Ó ní bá a bá ṣe ń gòkè ni atẹ́gùn tá à ń mí á máa dín kù, pé ẹni tí kò bá jẹ tí kò bá mu, òkè náà máa mú un. Ó ní ẹni tó bá ń ṣàìsàn, òun á dá a padà, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, inú igbó la gbà, òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹrẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn aláàárù ru àgọ́ àti àga àti ìkòkò, wọ́n sì ń kọjá wa bí ẹni tó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì lẹ́bàá ilé. Ojú tì mí. Àpò kékeré ló wà lẹ́yìn tèmi, mo sì ti ń mí hẹlẹ. Ní ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi ní ebi kò pa òun.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé ọbẹ̀ elégédé àti gúgúrú wá fún wa nínú àgọ́ tá a ti ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà gígùn sí i. Bí ẹni tó se oúnjẹ ti jáde, ó gbé abọ́ tirẹ̀, ó dà á sínú tèmi. Mo rò pé kò fẹ́ràn elégédé ni.

"Ààwẹ̀ ni mo wà," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta. Máa bá mi jẹ tèmi, kí wọ́n má baà dá mi padà."

Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, òkè tibí kì í ṣe òkè ilé wa. Ti ilé wa, ogún ìṣẹ́jú la fi ń dé orí rẹ̀. Ó ní ìdí tí òun fi wá nìyẹn. Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: pé ohun kan ṣoṣo lòun gbé wá sórí òkè yìí, kí ọmọ òun tún lè wọ ilé òun. Ó béèrè pé bí òun bá wá jókòó, tí òun ń jẹ gúgúrú, kí lòun wá ṣe. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí, kódà níbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. Mo mú ṣíbí mi, mo jẹ oúnjẹ ẹni méjì.

Lẹ́yìn náà ni amọ̀nà wọlé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Àṣà wọn ni, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ jẹun? Ṣé orí ń fọ́ yín? Ṣé ẹ bì? Ṣé ẹ tọ̀? Ó tún ní kiní kékeré kan tí wọ́n ń fi há ìka, tó ń sọ bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, nítorí kiní yẹn ni mo ń há mọ́ ìka àwọn ẹlòmíràn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi gan-an ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè láti wọ́ọ̀dù mìíràn bí wọ́n bá gbé bàbá Yorùbá kan wọlé. Egungun ìbàdí bàbá á ti kán, nọ́ọ̀sì á béèrè bó ṣe ń ṣe é, bàbá á ní òun dúpẹ́, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìrora. Èmi ni màá sọ fún wọn pé "a dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn, kí wọ́n tún un béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun dúpẹ́, ara òun le. Amọ̀nà yíjú sí mi, ó ní ṣé Baba jẹun. Mo ní ó jẹ ẹ́ tán. Abọ́ méjèèjì mọ́ tónítóní, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ní àárọ̀, màá mu ẹ̀kọ ẹni méjì. Ní ọ̀sán, màá jẹ ẹyin méjì àti búrẹ́dì mẹ́rin, màá sì máa gun òkè pẹ̀lú ikùn tó wúwo bí ọlọ́yún. Àwọn aláàárù máa ń rọ omi kún àpò roba tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé sẹ́yìn, tí wọ́n fi ọ̀pá tín-ínrín sí lára kó lè máa fà á mu. Kò fà á. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á lọ sẹ́yìn àpáta bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, á da omi náà nù. Kọ́ọ̀bù omi gbígbóná kan ló ń mu lóòjọ́, ìyẹn náà lẹ́yìn tó bá ti gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ tán. Ní ọjọ́ kejì, igi ti tán lójú ọ̀nà, koríko gíga ló kù. Ó ṣì ń rìn dáadáa, ó tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń sanra lórí òkè tí àwọn ẹlòmíràn ti ń rù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé bóyá mo kàn ń ṣojo ni, pé ìyá wa gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje rí, kò sì kú.

Òótọ́ ni màá sọ: mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Èmi náà fẹ́ kí ọmọ yẹn padà wálé. Mo ti jókòó nínú pálọ̀ yẹn ní Kérésìmesì mẹ́ta, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan, pẹ̀lú ìrẹsì tó tó èèyàn mẹ́wàá. Bí ẹnìkan bá máa fi ebi ra ìyẹn padà, mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó dí i lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹta ló yẹ kí ààwẹ̀ náà parí. Lọ́jọ́ yẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èmi alára, tí mo jẹun. Òun kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú nígbà tó rò pé mi ò wò. Nígbà tá a dé ibùdó, ó ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu, ó sì fẹsẹ̀ kọ okùn àgọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ bá ẹni tó ń se oúnjẹ, mo ní kó jọ̀ọ́ kó se ìrẹsì rírọ̀. Mo gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ẹ ti ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta ti pé. Ó mi orí. Ó ní ọkàn òun kò tíì balẹ̀, òun kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ó di téńté orí òkè, lọ́jọ́ karùn-ún, kí òun tó jẹun.

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nínú àgọ́ yẹn. Mo ní màá sọ fún amọ̀nà.

"Bí o bá la ẹnu rẹ," ó ní, "ìwọ lo dènà ọmọ mi."

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ aago tó lù. Mo dìde lórí orúnkún mi, mo jẹ ìrẹsì náà tán, mo sì fẹ́ẹ́ bì í.

Nígbà tí amọ̀nà há kiní yẹn mọ́ ọn níka, ohun tó kọ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ní wọ́ọ̀dù wa, a ò bá ti sáré pe dókítà. Amọ̀nà há a mọ́ ìka mìíràn, ó tún wò ó. Ó ní ti gbogbo èèyàn máa ń wálẹ̀ níbí, àmọ́ èyí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ òun tutù ni. Amọ̀nà ní kí n tẹ̀lé òun síta. Òtútù ń gé wa létí. Ó wò mí lójú.

"Sister, o ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù," ó ní. "Ojú mi kò tíì mọ Baba dáadáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí? Bó o bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, a máa sọ̀kalẹ̀ nísinsìnyí, kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ẹnu àgọ́ kò tì dáadáa. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sínú, tí iná fìtílà kékeré wà níwájú orí rẹ̀, tó ń wo èmi nìkan. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ọdún méjìdínlógún wà lẹ́nu mi. Èèyàn tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí orí ń fọ́, tí kò jẹ, tí kò mu: ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ká ní bàbá ẹlòmíràn ni, mi ò bá ti dáhùn kí ó tó béèrè tán.

Mo ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ní ó lágbára, ó ń jẹun, kí ó má ṣèyọnu.

Amọ̀nà dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí n tún un sọ. Ó ní ó dáa, pé a máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́la. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n rí ohun tó máa pa ẹnu mi mọ́. Mo ṣe àmín.

Ọjọ́ kẹrin, kò sí nǹkan kan tó ń hù níbi tá a gbà, òkúta àti iyanrìn dúdú ló tẹ́ lọ títí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wúkọ́. Ní nǹkan bí ọ̀sán, ó jókòó sórí òkúta kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní ká sinmi. Mo tọ̀ ọ́ lọ. Ó wo ojú mi, ó sì pè mí ní Màmá. Ó ní, Màmá, ṣé a ti dé. Mo ní èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò yín ni. Ó tún ní Màmá. Nǹkan pupa díẹ̀ ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ìfóòfó, mo sì mọ̀ pé omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá la ẹnu. Mo pariwo débi pé àwọn aláàárù tó ti lọ jìnnà dúró. Amọ̀nà sáré padà, ó gbé atẹ́gùn inú àgbá sí i nímú, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi bó ṣe ń ṣe é: ìgbà wo ni Baba jẹun kẹ́yìn? Mo ní láti ẹnu géètì ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè wò mí. Kò bú mi. Ó kàn béèrè, ní ohùn jẹ́jẹ́, pé ta ló wá ń jẹ oúnjẹ náà.

Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ irin kan tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, táyà kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n dè é mọ́ ọn, ọkùnrin mẹ́fà dì í mú, wọ́n sì ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta. Èmi náà ń sáré tẹ̀lé wọn. Mo ń ṣubú, mo ń dìde. Oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi lágbára láti sáré bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń sáré. A ti padà wọ inú igbó, òjò ti tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí amọ̀nà ní kí wọ́n dúró. Ó fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀gbọ́n mi. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà bọ́ tiwọn, wọ́n dúró sínú ẹrẹ̀. Èmi náà fọwọ́ kan ọrùn náà, nítorí iṣẹ́ mi ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa bá a ṣe gbé e wálé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, ìwé pọ̀. Níbi ìsìn ìdágbére ní Old Kent Road, pásítọ̀ ní ẹ̀gbọ́n mi kò kú, pé orí òkè ló ti bá Ọlọ́run lọ, nínú àdúrà, ó sì wu òun kí òun náà lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan gbá mi mọ́ra, ó ní oore ńlá ni Ọlọ́run ṣe fún mi tí mo fojú rí i. Mo fẹ́ gbá a létí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá síbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn, kò jẹun. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó kan ilẹ̀kùn fúláàtì bàbá rẹ̀ níbi tí mo ti ń tú ẹrù. Ó ti dá irùngbọ̀n sí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ìgúnpá rẹ̀ gbá ògiri. Ó jókòó. Ilé iṣẹ́ tó mú wa lọ ti fi ìwé ránṣẹ́ sí i, ó sì ti kà á.

"Aunty," ó ní, "wọ́n kọ ọ́ pé Daddy ò jẹun for four days. Ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní mo mọ̀. Mo ní èmi ni mo ń bá a jẹ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, abọ́ méjèèjì, omi tó ń dà nù, ohun tí amọ̀nà bi mí lẹ́nu àgọ́ àti ohun tí mo fi dá a lóhùn. Ojú mi gbẹ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

"Why didn't you just tell them?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín ni," ó ní. "Okay. Dad mi ni."

Mo mú ẹ̀wù bàbá rẹ̀ kan, mo ká a, mo fi í sínú báàgì. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mo ti mọ̀ pé á béèrè.

"Kí ló ń pray fún, Aunty? Kí ló ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?"

Mo wo ojú ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Bí mo bá sọ ọ́, á máa gbé e kiri títí yóò fi darúgbó, kò sì ní sí ọjọ́ kan tí kò ní rò ó pé ìpè kan ṣoṣo lórí fóònù ni ì bá gba bàbá òun là. Bí mi ò bá sọ ọ́, kò ní mọ̀ láéláé pé bàbá òun fẹ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní kò sọ ọ́ fún mi.

Ó sun ibẹ̀ mọ́jú, lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò sẹ́ni tó sùn sí láti ọdún mẹ́ta. Ó tún wá ní Sunday tó tẹ̀lé e, òun ló se oúnjẹ. Ní báyìí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ padà, ó sì ń bá council, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilé náà, sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kó máa gbé fúláàtì náà lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wọlé ó ń jáde. Bí mo bá sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé mi síwájú, wọ́n á fún mi ní máìkì, wọ́n á jó. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn. Àdúrà ẹ̀gbọ́n mi ti gbà, èmi nìkan ni mo sì mọ̀.